Atọpinpin ni, kì í ṣe apakòkòrò

Wọ́n gbé ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé kí n bá wọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀dù, pátákó kékeré tí wọ́n to ṣíìpù àti wáyà sí, ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mi ò kà kọjá ojú ewé kejì tí mo fi pa á dé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: "So apakòkòrò rẹ mọ́ bọ́ọ̀dù." Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbọ́ apakòkòrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sí oògùn tí wọ́n ń fín sí oko kòkó?

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Debugger ni Òyìnbó ń pe irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe inú kóòdù, bug ni kòkòrò, ó parí. Ìtàn àfòpiná tí wọ́n bá nínú kọ̀ǹpútà Mark II ní Yunifásítì Harvard ní 1947 ló wọ gbogbo ènìyàn lára, wọ́n rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Thomas Edison, Òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ, ti ń pe àbùkù inú iṣẹ́ rẹ̀ ní bug nínú lẹ́tà ní 1878. Àpárá àwọn tó ni èdè ni. Kò yẹ ká máa fi àpárá ẹlòmíì sọ irinṣẹ́ wa lórúkọ.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni pé irinṣẹ́ yìí kì í pa ohunkóhun. Ó ń dá ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí o kọ, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣíìpù dúró ni, ó ń jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ kan, kó dúró, kó tún gbé òmíràn, ó sì ń ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì fún ọ níbikíbi tó bá dúró sí. Ìwọ lo máa rí àṣìṣe, ìwọ náà lo máa tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní atọpinpin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ lórí rédíò pé àwọn ọlọ́pàá ń tọpinpin ọ̀ràn kan, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ tó rò pé ọwọ́ ti tẹ olè.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣágámù, tí òun náà ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́, ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló dáa jù. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò sì tíì gbà fún un dòní. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń fi ara pamọ́. Atọpinpin ò lè fi ara pamọ́: ó gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kí ṣíìpù dá a lóhùn, kó dárúkọ ara rẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń pè é ní dìbọ́gà, mi ò bá wọn jà púpọ̀, kọ̀ǹpútà náà la ṣáà ń pe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, kí wọ́n wo bó ṣe máa há wọn lẹ́nu. "Mo ń tọpinpin kóòdù mi" ń lọ geere.

Níbi ìdáhùn ṣíìpù yẹn gan-an ni orúkọ burúkú ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi gbé bọ́ọ̀dù STM32F103 rẹ̀ wá, aláwọ̀ búlúù kékeré yẹn. "Ọ̀gá, ó ti kú." Iná pupa rẹ̀ ń tàn, ST-Link, atọpinpin tó ń lò, ò rí i. Ọjọ́ méjì gbáko ló ti fi ń wá kòkòrò nínú kóòdù, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ wà.

Okùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹlòmíì ti gbé bọ́ọ̀dù Nucleo wá rí, tí atọpinpin rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Iná tàn, kọ̀ǹpútà ò rí nǹkan kan. Mo gba okùn USB rẹ̀, mo fi bíléèdì bó o: wáyà méjì péré, pupa àti dúdú. Okùn tó bá fáànù kékeré wá ni. Funfun àti àwọ̀ ewé, tó ń gbé ọ̀rọ̀, ò sí níbẹ̀ rárá.

Ti ọmọ yìí kì í ṣe okùn. PA13 àti PA14, irin méjì tó yọ lára ṣíìpù yẹn, ni atọpinpin fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó ń fi áàpù CubeMX ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, kò yan Serial Wire, tó ń fi irin méjèèjì sílẹ̀ fún atọpinpin, nítorí náà bí ètò rẹ̀ bá ti jí báyìí, ó ń ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ẹ fi wé bàbá àgbẹ̀ kan ní Òdògbolú tí kì í mú fóònù lọ sóko. Bó o bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, wàá kanlẹ̀kùn títí, o ò ní gbóhùn ẹnikẹ́ni, wàá ní ilé ti dahoro. Ẹni tó mọ bàbá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Bí bàbá bá ti yọjú pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ẹ dákun, ẹ dúró dá mi lóhùn." Bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì ló ń dá bàbá padà sórí ibùsùn. Bí atọpinpin bá di rísẹ́ẹ̀tì mú bó ṣe ń kanlẹ̀kùn, ètò ò ní ráyè ti nǹkan kan pa. Connect under reset ni wọ́n kọ sínú STM32CubeProgrammer, áàpù tí a fi ń kọ ètò sí ṣíìpù. Ìbálẹ́nu-ọ̀nà ni mo ń pè é.

Wáyà NRST, tí atọpinpin fi ń di rísẹ́ẹ̀tì mú, ni ìyẹn ń fẹ́, ọmọ náà ò sì so ó. A gbé jọ́ńpà BOOT0, tó ń yan ètò tó máa jí, sí 1, a tẹ rísẹ́ẹ̀tì. Ètò tí wọ́n ti fi sínú ṣíìpù láti ilé iṣẹ́ ló jí, tirẹ̀ ń sùn lọ. Ṣíìpù dáhùn, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 0x2ba01477 ló pe ara rẹ̀, 0x1ba01477 sì ni OpenOCD, áàpù tó ń darí atọpinpin láti orí kọ̀ǹpútà, ń retí: ayédèrú ni wọ́n lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù náà. A yí orúkọ tí à ń retí padà nínú fáìlì. Wáyà tó gùn jù tàbí wáyà ilẹ̀ (GND) tí a ò so lè fa irú ìdákẹ́ yìí náà. Mo máa ń dín ìyára atọpinpin kù sí 100 kHz kí n tó bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ó yan Serial Wire, ó tún ètò rẹ̀ kọ sí ṣíìpù, ó dá BOOT0 padà sí 0. Ó ń gbé e ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i pé ojú kan ni ètò ń yípo sí, ibi tó ti ń retí èsì DHT22, ohun èlò kékeré tó fẹ́ fi máa wọn ọ̀rinrin yàrá tí ìyá rẹ̀ ń kó gààrí sí. Wáyà rẹ̀ ti yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jó o padà.