Ipa ọ̀nà ìfiránṣẹ́ Toll nínú àìsàn

Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ Toll jẹ́ ètò kan nínú ara ènìyàn àti ẹranko tó ń tètè mọ̀ pé kòkòrò àrùn ti wọlé, tó sì ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jọ láti kojú rẹ̀. Ó wà lára àjẹsára àbínibí, ìyẹn èyí tí a bí mọ́ni, tí kì í dúró de abẹ́rẹ́ tàbí àìsàn tí a ti ṣe rí kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn purotéènì tó ń ṣọ́nà fún un ni à ń pè ní Toll-like receptor, TLR ní ìkékúrú. Mẹ́wàá ni wọ́n nínú ara ènìyàn.

Bí ọ̀nà yìí bá ṣiṣẹ́ níwọ̀n, àìsàn á lọ láìpẹ́. Bí ó bá dákẹ́ jù, kòkòrò á ráyè. Bí ó bá sì le jù, tàbí tí kò dáwọ́ dúró nígbà tó yẹ, òun fúnra rẹ̀ á wà lára ohun tó ń ba ẹran ara jẹ́. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwara, ibà àti àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde ni àìsàn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì jù.

Ìtàn

Inú eṣinṣin Drosophila ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí jíìnì Toll. Christiane Nüsslein-Volhard àti Eric Wieschaus ń wádìí ní Jámánì nípa bí ọlẹ̀ eṣinṣin ṣe ń dá ara rẹ̀ sí ìhà ẹ̀yìn àti ìhà ikùn, kò sì sí ẹni tó ronú kan àìsàn nígbà náà. Ní 1989, Charles Janeway ti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà sọ tẹ́lẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ara ní àwọn purotéènì kan tó ń dá ohun tó jẹ́ ti kòkòrò nìkan mọ̀. Ẹ̀rí dé ní 1996, nígbà tí Bruno Lemaitre àti ẹgbẹ́ Jules Hoffmann ní Strasbourg fi hàn pé eṣinṣin tí Toll rẹ̀ bàjẹ́ kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ èbu Aspergillus. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Janeway àti Ruslan Medzhitov ṣàlàyé irú Toll tó wà lára ènìyàn. Ní 1998, Bruce Beutler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn èkúté kan tí májèlé inú baktéríà kì í ràn ní àléébù nínú jíìnì TLR4. Hoffmann àti Beutler gba ìdajì Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn fún 2011. Ìdajì kejì jẹ́ ti Ralph Steinman, fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì dendritic, irú sẹ́ẹ̀lì àjẹsára kan.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn TLR kan wà ní ara ìta sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ṣọ́ awọ baktéríà àti èbu: TLR1, 2, 4, 5, 6 àti 10. Àwọn mìíràn, TLR3, 7, 8 àti 9, wà nínú àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ṣọ́ DNA àti RNA àwọn kòkòrò tí sẹ́ẹ̀lì ti gbé mì. Ohun tí TLR4 mọ̀ jù ni LPS, ọ̀rá àti ṣúgà tó bo irú àwọn baktéríà bíi Salmonella àti E. coli. TLR5 ń rí purotéènì tí baktéríà fi ṣe ìrù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Nígbà tí TLR, yàtọ̀ sí TLR3, bá rí ohun tó ń ṣọ́, purotéènì kan tí ń jẹ́ MyD88 á so mọ́ ọn nínú sẹ́ẹ̀lì. MyD88 á pe purotéènì mìíràn, IRAK4, iṣẹ́ á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá sí àwọn purotéènì IRAK1, TRAF6 àti TAK1, títí tí wọ́n á fi tú NF-κB, purotéènì tó ń tan jíìnì, sílẹ̀. Ranjan Sen àti David Baltimore ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe NF-κB, ní 1986. Nígbà tí ara bá balẹ̀, purotéènì IκB ló ń dì í mú. Bí wọ́n bá ti ba IκB jẹ́, NF-κB á lọ sí ibi tí DNA wà, á sì tan àwọn jíìnì TNF, IL-1 àti IL-6, àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀ka kejì wà tó gba ọ̀dọ̀ purotéènì TRIF kọjá, tí TLR3 àti TLR4 ń lò, òun ló sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe ìntáfẹ́rọ́ọ̀nù láti kojú fáírọ́ọ̀sì.

TNF, IL-1 àti IL-6 ló ń mú ojú ibi tí àrùn wà pọ́n, kó wú, kó gbóná, kó sì máa ro ni. IL-6 náà ló ń rán ẹ̀dọ̀ níṣẹ́ pé kó ṣe CRP, purotéènì kan tó ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá ń wú báyìí. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kí wọ́n yẹ CRP wò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ohun tó ń wá ni àpẹẹrẹ pé irú ọ̀nà yìí ti ta jí. TLR fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ilé àyẹ̀wò ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Ibà

Òjò máa ń rọ̀ ní Ìlọrin láti bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Omi á dúró nínú kòtò, ní ẹ̀gbẹ́ títì àti ní etí Odò Asà, ẹ̀fọn Anopheles á sì pọ̀ sí i. Bákan náà ló rí ní Ọ̀fà, àti ní Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù. Plasmodium falciparum ni kòkòrò tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ibà ibẹ̀, òun náà ló sì ń fa èyí tó le jù.

Níwọ̀n ìgbà tí kòkòrò yìí bá ṣì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ó fara pamọ́ dé àyè kan. Ní nǹkan bíi wákàtí 48 síra, sẹ́ẹ̀lì tó ti kún á bẹ́, àwọn ọmọ kòkòrò á tú jáde, ìdọ̀tí wọn á sì dà sínú ẹ̀jẹ̀. Inú ìdọ̀tí yìí ni ohun tí Toll ń rí wà. Ọ̀rá oníṣúgà kan tí à ń pè ní GPI máa ń ta TLR2 jí. Hemozoin, ẹyọ dúdú tí kòkòrò ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti jẹ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tán, máa ń gbé DNA kòkòrò wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ bá TLR9. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn bóyá hemozoin gan-an ni TLR9 ń rí; èrò tó gbilẹ̀ báyìí ni pé DNA tó lẹ̀ mọ́ ọn ni.

TNF, IL-1 àti IL-6 tó jáde nígbà náà á mú kí ọpọlọ ṣe prostaglandin, èròjà tó ń mú ara gbóná, ara á gbóná, òtútù á máa mú ènìyàn, orí á máa fọ́. Parasitamọ́ọ̀lù ń dín prostaglandin kù, ìdí nìyẹn tí ara fi ń tutù lẹ́yìn tí a bá lò ó. Kò pa kòkòrò kankan. Ẹni tó ra parasitamọ́ọ̀lù nìkan ní kẹ́mísìtì, tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́ di ọ̀sán, ṣì ní kòkòrò tó ń bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì nílò oògùn ibà gidi bíi àpapọ̀ artemether àti lumefantrine. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó jù fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé kì í pẹ́ kí tirẹ̀ tó yí padà di giri, àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí àìmọ ibi tí ó wà.

Àgbàlagbà tó dàgbà sí agbègbè ibà lè ní kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Apá kan èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn èròjà adènà àrùn tó ti ní. Apá kejì, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ṣe fi hàn, ni pé sẹ́ẹ̀lì tó ti rí GPI léraléra kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn mọ́. Ní ọwọ́ kejì, ibà tó ń lọ lọ́wọ́ lè mú kí TLR ṣe gìrìgìrì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó fi jẹ́ pé bí baktéríà bá wọ ẹ̀jẹ̀ ẹni bẹ́ẹ̀, ìdáhùn ara lè le kọjá ààlà.

Ibà tó wọ ọpọlọ ni wọ́n ti gbìyànjú jù láti pa ọ̀nà yìí lẹ́nu mọ́. TNF máa ń mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ yọ àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì tó ní kòkòrò lè lẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà kọjá dáadáa nínú ọpọlọ. Ó dà bíi pé bí a bá dí TNF lọ́wọ́, ọmọ á yè. Wọ́n dán an wò ní Gáḿbíà lára ọmọ 610 tí ibà wọ ọpọlọ wọn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1996: abẹ́rẹ́ tó ń dí TNF lọ́wọ́ mú kí ara tètè tutù, ṣùgbọ́n kò dín iye ọmọ tó kú kù, àwọn tó sì yè pẹ̀lú àbùkù nínú ọpọlọ pọ̀ sí i láàrin àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ó yẹ kí a fi ìwádìí yìí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní dídá ọ̀nà Toll dúró nìkan ti tó láti wo ibà líle.

Jíìnì tí a jogún náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára ọmọ 870 ní Gánà, tó jáde ní 2006, àwọn ọmọ tó ní ìyípadà tí à ń pè ní Asp299Gly tàbí Thr399Ile nínú TLR4 wọn wà nínú ewu ibà líle ju àwọn yòókù lọ. Asp299Gly wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ní 2007, ìwádìí mìíràn sọ pé ẹni tó jogún ẹyọ kan ìyípadà S180L nínú jíìnì TIRAP, tó wà lára ọ̀nà Toll yìí, ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìwádìí tó tẹ̀ lé e ló rí ohun kan náà.

Àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde

Ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà tó jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ló ti ń béèrè àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so yìgì. Nínú ara ẹni tó jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ kó tó fọ́.

Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń ṣàlàyé ìrora àrùn yìí pé sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé ló ń dí iṣan. Àlàyé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kárí. Sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ ń tú heme, èròjà tó ní irin nínú, sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn purotéènì haptoglobin àti hemopexin ló yẹ kó kó ìdọ̀tí yìí kúrò, ṣùgbọ́n wọn kì í tó lára ẹni tó jẹ́ SS. Ní 2007, ìwádìí fi hàn pé heme lè ta TLR4 jí láìsí baktéríà kankan nítòsí. Ní 2014, ìwádìí lára èkúté tó ní àrùn yìí fi kún un pé, nípasẹ̀ TLR4, heme ń mú kí ògiri iṣan yọ purotéènì P-selectin, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, iṣan á sì dí. Nígbà tí wọ́n fún àwọn èkúté náà ní oògùn TAK-242 tó ń dí TLR4 lọ́wọ́, tàbí hemopexin, iṣan tó ń dí dín kù.

Ara ẹranko ni púpọ̀ nínú ẹ̀rí yìí ti wá, a kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé oògùn ti jáde. Síbẹ̀, ó bá ohun tí àwọn dókítà ti ń rí mu: ibà, òtútù àyà tàbí àárẹ̀ tó mú kí ẹ̀jẹ̀ fọ́ sí i máa ń ṣáájú ìrora líle. Ibà pàápàá ń dá kún un lọ́nà méjì, nítorí òun náà ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ó sì ń gbé GPI àti DNA rẹ̀ wá. Lílo proguanil lójoojúmọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí mọ̀ sí Paludrine, ní ìtumọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yìí. Hydroxyurea náà ń dín ìrora kù. Iṣẹ́ rẹ̀ gbòógì ni kí hemoglobin (èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀) irú ti ọmọ ìkókó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó tún ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní Òkè-Oyì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ń darí irú àwọn aláìsàn yìí sí.

Àwọn àrùn baktéríà

Salmonella tó ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun mọ ọgbọ́n àti sá fún TLR4: ó ní ìbòrí kan, Vi, tó bo LPS rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí wà lára ìdí tí àìsàn náà fi ń rọra wọlé. Bí baktéríà bá gbilẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, TLR4 á tú TNF sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, sepsis nìyẹn. Oògùn eritoran tó ń dí TLR4 lọ́wọ́ kò dín ikú sepsis kù nínú ìdánwò ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013.

Onígbáméjì yàtọ̀. Ní 2017, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ lé ní 1,500. Májèlé Vibrio cholerae ló ń fa omi jáde nínú ìfun, ipa Toll kò tó nǹkan nínú ohun tó ń pa aláìsàn, omi àti iyọ̀ tí a dá padà sí ara ni ìtọ́jú.

Àléébù àbínibí

Àwọn ọmọ díẹ̀ ni wọ́n ń bí láìní IRAK4, àìsàn tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 2003, tàbí láìní MyD88, tí wọ́n ṣàpèjúwe ní 2008. Streptococcus pneumoniae àti Staphylococcus aureus máa ń kọlù wọ́n léraléra, síbẹ̀ ara wọn lè má gbóná púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá kọjá ìgbà èwe máa ń sàn sí i. Àìsí TLR3 tó péye lè jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì herpes wọ ọpọlọ ọmọdé.

Jẹjẹrẹ

Ìyípadà L265P nínú MYD88, jíìnì tó ń ṣe purotéènì MyD88, wà lára ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ Waldenström.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára

Níbi tí dídí Toll lọ́wọ́ ti kùnà, títa á jí níwọ̀n ti ṣàṣeyọrí. MPL, tí wọ́n ṣe láti ara LPS Salmonella tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀, máa ń ta TLR4 jí. Ó wà nínú RTS,S, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá 2021 fún àwọn ọmọdé níbi tí ibà ti wọ́pọ̀. R21, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà mìíràn, ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò, láti Kebbi àti Bayelsa ní oṣù kejìlá 2024. Èròjà amúlágbára inú R21 ni Matrix-M, tí wọ́n ń rí láti ara èèpo igi Quillaja, kò sì ní MPL nínú.