Ibi tí péálì ọ̀sìn ti ṣẹ̀ wá

Ní 1917, Pierre Cartier, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́, fi ẹ̀gbà ọrùn péálì olókùn méjì àti ọgọ́rùn-ún dọ́là gba ilé ńlá kan ní Fifth Avenue, New York. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n dá lé ẹ̀gbà náà. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọjà gbàǹjo ní 1957, 151,000 dọ́là péré ló pa. Kì í ṣe pé péálì náà bàjẹ́. Láàárín ogójì ọdún yẹn, àwọn ará Japan ti ń sin péálì bí ẹni ń sin adìẹ.

Ṣáájú ìgbà náà, oríire ni péálì. Àwọn òmùwẹ̀ á kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́sítà, ẹ̀dá òkun tó ní ìkarahun méjì, wá sókè, wọn á la ìkarahun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì lè má rí ẹyọ kan tó ṣe é tà. Wọ́n máa ń sọ pé iyanrìn ló ń di péálì, ṣùgbọ́n ọ́sítà mọ bó ṣe ń tu iyanrìn dànù. Awọ tó ń ṣe ìkarahun ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹyọ díẹ̀ lára awọ yẹn bá ṣèèṣì já wọ inú ẹran ara rẹ̀, ó lè di àpò kékeré, kó máa da èèpo dídán lé ara wọn, ìpele lórí ìpele.

Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni àwọn ará Huzhou ní Ṣáínà ti ń ki ère Búdà pẹlẹbẹ bọ abẹ́ awọ ẹ̀dá odò kan tó ní ìkarahun bíi ti ọ́sítà, tí yóò fi èèpo bò ó. Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, náà ṣe péálì róbótó nínú irú ẹ̀dá odò bẹ́ẹ̀ ní 1761, ṣùgbọ́n kò di òwò.

Kokichi Mikimoto ló sọ ọ́ di òwò. Ìdílé tó ń ta oúnjẹ ni wọ́n ti bí i ní Toba, ní Japan, ní 1858. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mitsukuri ti Yunifásítì Tokyo ló tọ́ ọ sọ́nà. Omi pupa, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín inú òkun pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pa púpọ̀ nínú ọ́sítà rẹ̀; ní July 11, 1893, ó rí péálì nínú àwọn tó ṣẹ́ kù. Ìlàjì péálì ni: abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe é lẹ̀ mọ́ òrùka, kò ṣe é sín.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe róbótó, àwọn méjì mìíràn ló ṣí i: Mise tó jẹ́ káfíńtà, àti Nishikawa, onímọ̀ ẹ̀dá tó fẹ́ ọmọ Mikimoto. Ní 1907 àwọn méjèèjì wá ìwé àṣẹ ìjọba lórí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Títí di òní, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. A ó la ìkarahun díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ iṣan rẹ̀ á já. A ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé ojú ọ̀nà sínú ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀, a ó ki kóró róbótó sínú rẹ̀, a ó sì gbé awọ tí a gé lára ọ́sítà mìíràn, milimítà méjì sí mẹ́ta ní ìbú, tì í. Ojú awọ tó ń ṣe ìkarahun ló gbọ́dọ̀ kan kóró. Bí a bá yí i sódì, tàbí tó sún kúrò, kóró náà á jáde ní ìhòòhò. Bí ọgbẹ́ bá tóbi jù, ọ́sítà á tu kóró dànù tàbí kó kú. Ìkarahun irú ẹ̀dá odò bẹ́ẹ̀ láti odò Mississippi ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń gbẹ́ kóró: ó nípọn, líle rẹ̀ sì bá èèpo péálì mu, kò ní sán nígbà tí wọ́n bá ń lu ihò.

Ní 1921 ariwo sọ ní London pé ayédèrú ni péálì ọ̀sìn. Ilé ẹjọ́ ní Paris dá a ní 1924 pé péálì gidi ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn oníṣòwò London dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀, nítorí ojú lásán kò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ èèpo.

Ìṣòro olùrà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí péálì bá ṣe pẹ́ nínú omi tó, bẹ́ẹ̀ ni èèpo ń nípọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ewu ìjì àti omi pupa ń pọ̀ sí i. Ó sì lè má róbótó mọ́. Àwọn oníwàǹwára á kó o ní kíá. Mikimoto fúnra rẹ̀ dáná sun péálì tí kò dára ní gbangba ní Kobe ní 1932. Fún Akoya, ọ́sítà tí Mikimoto sìn, èèpo tó tó 0.4 mm ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ká máa wá. Yí okùn náà lábẹ́ iná: bí péálì bá ń ṣẹ́jú, tó ń mọ́lẹ̀ tó tún ń ṣú, ìlà kóró ló ń hàn láti inú. Fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wo ẹnu ihò, wàá rí ààlà èèpo àti kóró. Bí èèpo bá ti ń ṣí ní ẹnu ihò, má rà á.

Ti odò Ṣáínà yàtọ̀: púpọ̀ nínú wọn kò ní kóró, awọ nìkan ni wọ́n ki sí i, ẹ̀dá kan sì lè gbé ju ogún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo látòkè dé inú ni, ìdí tí wọn kì í fi sábà róbótó tó nìyẹn. Nípọn nìkan kò sì mú un dán. Wo àwòrán iná lójú rẹ̀. Bí etí iná náà bá mú ṣinṣin, ó dán. Bó bá rí bíi kùrukùru, má san owó dídán. Fífi eyín rẹ́ ẹ tí gbogbo ènìyàn ń gbé lárugẹ, tó ń rí bí iyanrìn lẹ́nu, kò lè sọ ju pé kì í ṣe gíláàsì tàbí rọ́bà lọ.

Ẹ̀gbà tó dára máa ń ní kókó òwú láàárín ẹyọ kan sí èkejì, kí wọn má baà rẹ́ ara wọn, bí òwú bá sì já, ẹyọ kan ló máa bọ́. Fi lọ́fínńdà kí o tó wọ péálì. Òógùn àti ohun kíkan ń jẹ èèpo rẹ̀. Aṣọ rírọ̀ tó rin díẹ̀ ni kí o fi nù ún lẹ́yìn wíwọ̀, má rì í sómi, òwú sílíìkì á fà. Tí àyè bá ti wà láàárín péálì àti kókó, gbé e lọ kí wọ́n tún un sín.