Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rédíò àtijọ́ lọ́wọ́ ham: báwo ni 1,000 wáàtì ṣe ń di 4,000?

Ìbéèrè: Ẹ̀rọ ńlá tí ilé iṣẹ́ rédíò ti pa tì, kí ni ham fẹ́ fi ṣe?

Ìdáhùn: Ham ni ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, tí kò sì gbọdọ̀ fi pa owó. SSB, ọ̀nà tó ń fi apá kan ìgbì ṣoṣo gbé ohùn, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí, àmọ́ ohùn AM, ọ̀nà àtijọ́ tí agbára ìgbì ń lọ sókè sódò bí ohùn, ṣì ń dùn létí àwọn kan, ẹ̀rọ tí wọ́n sì kọ́ láti ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru kì í tètè kú. Ẹ wo Gates BC-1T ti Amẹ́ríkà: tube 833A (ìgò tó ń mú agbára iná pọ̀ sí i) mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì ń ti ìgbì rédíò jáde, méjì ń gbé ohùn lé e.

Ìbéèrè: Ṣebí kí wọ́n kàn yí i sí ìkànnì ham ni?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tí wọ́n máa yí. Crystal kan, ègé kékeré tó ń mì ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ló dì í mú sójú kan, láàárín 540 sí 1,600 kHz (ìwọ̀n bí ìgbì ṣe ń yára mì tó). Ìkànnì ham tó sún mọ́ ọn jù, 160 mítà, bẹ̀rẹ̀ láti 1,800 kHz. Wọ́n á yọ crystal, wọ́n á fi VFO, ohun tó ń pèsè ìgbì tó ṣeé yí, dípò rẹ̀ kí wọ́n lè máa lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ìyẹn ò le. Coil (wáyà tí wọ́n ká) àti capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná) tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ́ríálì ló ń gba àkókò: bí ẹ̀rọ bá kúrò ní 950 lọ sí 1,900, àwọn méjèèjì ní láti dín sí nǹkan bí ìdajì, kí wọ́n sì ṣeé yí láti ìta láìṣí ilẹ̀kùn.

Ìbéèrè: 1,000 wáàtì ló wà lára rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà sì gba 1,500. Báwo ni wọ́n ṣe wá ní ó pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú gan-an nìyí. 1,000 yẹn ni agbára ìgbì nígbà tẹ́nikẹ́ni ò tíì la ẹnu. Bí ohùn bá dé góńgó, fóltéèjì tó ń lọ sí ẹ́ríálì á di ìlọ́po méjì, iná tó ń ṣàn níbẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì. Méjì lọ́nà méjì, 4,000 wáàtì. Góńgó yìí sì ni FCC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò ní Amẹ́ríkà, ń wọ̀n. Pín 1,500 sí mẹ́rin, 375 péré ló tọ́ sí ìgbì.

Kí ó lè dé 375 yẹn, fóltéèjì tube ni wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dín sí ìdajì, agbára á já sí ìdá mẹ́rin, ìyẹn 250. Bó bá kù bí ìdá 61 nínú 100, 375 ló máa jáde. Variac (ohun tó ń yí fóltéèjì sókè sódò) lẹ́nu tiransifọ́mà ńlá lè ṣe é. Filament, wáyà tó ń gbóná nínú tube, ni kí wọ́n má fọwọ́ kàn o! Fóltéèjì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe máa gbọ́ èsì?

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rédíò kì í gbọ́, sísọ ni tirẹ̀. Ham á fi relay (súwíìṣì tí iná ń yí) sí i: ẹ́ríálì á kọ́kọ́ kúrò lára rédíò tó fi ń gbọ́, fóltéèjì ńlá á tó dé. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, fóltéèjì ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an. Fóltéèjì rẹ̀ lé ní 2,000, capacitor sì lè di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ẹ má ṣe já súwíìṣì tó ń paná bí ilẹ̀kùn bá ṣí, kí ẹ sì fi ọ̀pá tí wáyà rẹ̀ wọlẹ̀ kan capacitor kí ọwọ́ tó wọ inú rẹ̀. Òróró inú capacitor àti tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe ṣáájú 1979 lè ní kẹ́míkà PCB tó ń ba ara jẹ́. Èyí tó bá ń jò, ẹ má fi ọwọ́ lásán nù ún.