Láti ọdún wo gan-an ni a ti ń ka àkókò inú àsọtẹ́lẹ̀ Dáníẹ́lì?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìròyìn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pé Jésù yóò padà wá ní ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù náà. Ọjọ́ náà kọjá, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò tán nílẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ti rí ìṣirò mìíràn tí wọ́n ní inú ìwé Dáníẹ́lì ló ti wá.

Kí ni Dáníẹ́lì sọ?

Orí 9:24-27 sọ nípa àádọ́rin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí àṣẹ bá jáde pé kí a tún Jerúsálẹ́mù kọ́, títí Ẹni Àmì Òróró yóò fi dé, ọ̀sẹ̀ 69 ni. Kò dárúkọ ọba tí yóò pàṣẹ, kò sì sọ ọdún.

Báwo ni ọ̀sẹ̀ ṣe di ọdún?

Wọ́n máa ń tọ́ka sí Númérì 14:34 àti Ìsíkíẹ́lì 4:6, níbi tí ọjọ́ kan ti dúró fún ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ 69 wá di ọdún 483.

Àṣẹ wo ni?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí àṣẹ inú Bíbélì ju ẹyọ kan lọ. Kírúsì, ọba Páṣíà, pàṣẹ ní nǹkan bí ọdún 538 ṣáájú Kristi. Dáríúsì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí 520. Atasásítà fún Ẹ́sírà ní lẹ́tà ní ọdún keje ìjọba rẹ̀, ìyẹn 458 tàbí 457, ó sì yọ̀ǹda fún Nehemáyà ní ogún ọdún ìjọba náà, ìyẹn 445 tàbí 444. Bí ẹ bá kà á láti ọ̀dọ̀ Kírúsì, ọdún 55 ṣáájú Kristi lẹ ó já sí, nígbà tí a kò tíì bí Jésù. Láti 457, ó já sí ọdún 27 lẹ́yìn Kristi, tó sún mọ́ ìgbà ìrìbọmi rẹ̀. Láti 445, ó já sí 39, tó ti pẹ́ jù; ìdí nìyí tí àwọn kan fi lo ọdún ọlọ́jọ́ 360, kí iye náà lè wá sí 32. Èrò tèmi ni pé ibi tí ìṣirò yóò parí sí ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó padà lọ yan ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé gbogbo ọ̀mọ̀wé ló gbà pé Jésù ni?

Rárá, ọ̀pọ̀ ní inúnibíni tí Áńtíókù Kẹrin, ọba Síríà, ṣe sí àwọn Júù ní nǹkan bí 167 ṣáájú Kristi ni àsọtẹ́lẹ̀ náà ń sọ.

Kí ló dé tí àwọn kan fi ní 458, tí àwọn mìíràn ní 457?

Oṣù Nísánì, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin tiwa, ni ọdún ọba ń yí lọ́dọ̀ àwọn ará Páṣíà. Ẹ wá ṣí Nehemáyà. Orí 1:1 sọ pé oṣù Kísíléfì, tíí ṣe oṣù kẹsàn-án, ní ogún ọdún, ni ó gbọ́ ìròyìn Jerúsálẹ́mù. Orí 2:1 sọ pé Nísánì tó tẹ̀ lé e ni ó bá ọba sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ogún ọdún náà ni ó ṣì pè é. Bó bá jẹ́ pé ní Nísánì ni ọdún yí, ó yẹ kí ó ti di ọdún kọkànlélógún. Èyí ni àwọn kan fi sọ pé láti oṣù Tíṣírì, oṣù keje, ni àwọn Júù ń kà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò Ẹ́sírà ní ọdún keje bọ́ sí 457. Lọ́nà ti Páṣíà, 458 ni. Ẹ̀rí yìí lágbára lójú mi, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a lè fi búra.

Ǹjẹ́ ọdún òdo wà?

Kò sí; lẹ́yìn ọdún 1 ṣáájú Kristi, ọdún 1 lẹ́yìn Kristi ló kàn. William Miller, oníwàásù kan ní Amẹ́ríkà, ka ọjọ́ 2,300 inú Dáníẹ́lì 8:14 sí ọdún láti 457, ó sì rí 1843 pé Jésù yóò padà wá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ọdún òdo, ó di 1844, a sì mú ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá. Àwọn kan fi irè oko sílẹ̀ láìkórè, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn.

1914 ńkọ́?

Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ka ọdún 2,520 láti 607 ṣáájú Kristi, tí wọ́n ní Jerúsálẹ́mù pa run, wọ́n sì já sí 1914, ọdún tí wọ́n ní Jésù di ọba ní ọ̀run. Àwọn òpìtàn ní 587 tàbí 586 ni, nítorí wàláà amọ̀ Bábílónì kan, tó wà ní Berlin báyìí, kọ ipò òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 37 Nebukadinésárì sílẹ̀, ó sì bá 568/567 mu; láti ibẹ̀ ni a ti lè ka ọdún ìjọba rẹ̀ padà sí ìgbà tó pa Jerúsálẹ́mù run.

Bí ẹnìkan bá fi ìṣirò ránṣẹ́ sí mi, kí ni kí n wò?

Ẹ bi í pé àṣẹ ta ni ó gbà, ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún rẹ̀, àti bóyá ó ka ọdún òdo mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka Mátíù 24:36, níbi tí Jésù ti sọ pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí náà, àfi Baba.

Ẹni tó fi ìṣirò ránṣẹ́ ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n sì ta dúkìá mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Nígbà tí Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, mú ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2011 pé Jésù yóò padà wá, àwọn kan ná owó tí wọ́n ti fi pamọ́ láti polongo rẹ̀. Ọjọ́ náà kọjá, owó ti lọ. Ní 2012, Camping fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìnà.