Ibi Tí Omi Máa Gbà Jáde Ni Ká Kọ́kọ́ Wò Ká Tó Fọ Páìpù

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun àkàbà dé orí táǹkì tí a kó omi tí a fi fọ bọ́ílà sí, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń hó omi nílé iṣẹ́ amúnáwá. Omi náà mọ́ gaara, ó sì búlúù bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró. Ó dùn-ún wò. Ọ̀gá kan tó dúró tì mí yọjú wò ó, ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣí i sódò ká lọ sinmi."

Àwọ̀ búlúù yẹn gan-an ni ìdọ̀tí náà. Bàbà ni, bàbà tó ti yọ́ sínú omi, tí amóníà tó wà nínú kẹ́míkà tí a fi fọ bọ́ílà sì dì mọ́ra tí kò fẹ́ jẹ́ kó bọ́. Gbogbo òru la ti fi ń da láìmù sí i, kó lè di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó sì sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. (Láìmù tí mò ń wí ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta tí wọ́n sun, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́.) Bàbà ò mira. Àṣìṣe náà kì í ṣe ti òru ọjọ́ yẹn o. Ọjọ́ tí a jókòó sídìí tábìlì yan kẹ́míkà ni a ti ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó béèrè bí a ṣe máa tọ́jú omi náà lẹ́yìn iṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá bi mí pé ásíìdì wo ló dára jù fún páìpù tó dí, èmi náà á bi wọ́n pé: báwo ni táǹkì yín ṣe tóbi tó, kí sì ni ìwé àṣẹ yín sọ nípa omi tó ń jáde lọ́gbà yín?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń dí páìpù ná. Ní ilé iṣẹ́ amúnáwá, ojú méjì ló ní. Nínú páìpù bọ́ílà, níbi tí omi ti ń hó kó tó lọ yí tọ́báìnì (ẹ̀rọ tí yíyí rẹ̀ ń mú iná mànàmáná wá), ìpẹtà dúdú ló pọ̀ jù: irin tí omi ṣí lára àwọn páìpù ẹ̀yìn, tó gbé wá, tó sì lẹ̀ mọ́ ibi tí iná ti gbóná jù. Bí ohun èlò tí wọ́n fi bàbà ṣe bá wà lójú ọ̀nà omi náà, bàbà á bá a wá. Ní ti kọ́ńdẹ́ńsà, níbi tí omi tútù ti ń sọ ooru omi tó ti yí tọ́báìnì tán di omi padà, èépá funfun àti ìdọ̀tí tó ń yọ̀ la sábà máa ń bá. Èépá funfun yìí ni calcium carbonate, èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ kẹ́tùlù. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ṣúgà: bí omi bá ṣe ń gbóná tó ni kò ṣe ní í lè yọ́ mọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibi tó gbóná ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Èépá tínínrín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Irin ń gbé ooru kọjá ju èépá lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ooru iná ò bá ráyè dénú omi, ara páìpù ló máa gbà á, á rọ̀, á wú, á sì bẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ẹ má fojú yan kẹ́míkà. Ẹ gé páìpù kan, ẹ ha inú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lọ sí láàbù. Kí èsì tó dé, èmi máa ń sọ ègé rẹ̀ bíńtín sínú ife gíláàsì tí ásíìdì hydrochloric tí a ti là wà. Bó bá ń hó ṣùùṣùù, carbonate wà níbẹ̀. Bó bá dúró bí òkúta tí kò dún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ silica, irú ohun tó wà nínú iyanrìn, ásíìdì yẹn ò sì lè rí i gbé ṣe. Ẹni tó bá da ásíìdì inú bátìrì ọkọ̀ sí èépá funfun nítorí pé owó rẹ̀ kéré ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀: èépá náà á di gypsum, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe POP, páìpù tó dí díẹ̀ á wá dí pátápátá. Híhó yẹn náà ní ewu tirẹ̀. Kìló kan èépá funfun máa ń tú gáàsì tó ju 220 lítà lọ jáde. Bí ojú ihò afẹ́fẹ́ bá wà ní títì, páìpù á fún un lésì.

Ní ti bọ́ílà, ọ̀nà méjì la sábà máa ń gbà. Ásíìdì hydrochloric tó tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, tí a mú gbóná níwọ̀nba, tí a sì fi oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ irin sí, lágbára, kì í sì í pẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan irin tí kì í dógùn-ún, nítorí ó lè mú kó sán. Ọ̀nà kejì ni ásíìdì citric, irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí EDTA, kẹ́míkà kan tó ń di irin mú, tí a máa ń pò mọ́ amóníà. Wọ́n rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ń gbá irin àti bàbà mọ́ra kí wọ́n má baà tún lẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ohun tó mú kí citric àti EDTA dára nínú páìpù ló sọ wọ́n di wàhálà nínú táǹkì. Omi hydrochloric kò le: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ fi láìmù gbé pH rẹ̀ sókè (pH ni ìwọ̀n tó ń sọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi; bó bá ṣe ga tó ni ásíìdì ṣe dín kù tó), irin á di ẹrẹ̀ pupa, á sọ̀ kalẹ̀. Omi citric tàbí EDTA ò gbọ́ irú èdè yẹn. Ohun tó ti gbá mọ́ra, kì í fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Kí ni òfin ń béèrè? Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹ ka ìwé àṣẹ yín. Kí ẹ lè mọ bó ṣe le tó, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí omi tí wọ́n fi kẹ́míkà fọ irin ní ilé iṣẹ́ amúnáwá ní kí bàbà má ju mílígíráàmù 1 lọ nínú lítà kan, kí irin náà má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí pH sì wà láàárín 6 sí 9. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká ní bọ́ílà gba 50,000 lítà, tí irin inú omi tó ti inú rẹ̀ jáde sì jẹ́ mílígíráàmù 5,000 nínú lítà kan. Kìló 250 irin nìyẹn. Èyí tí òfin gbà kó bá omi náà jáde kò ju gíráàmù 50 lọ, irin ẹ̀kún ọwọ́ kan.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi omi là á." Mílíọ̀nù 250 lítà ni yóò gbà, irin náà á sì dé odò láìdín kan. Òfin tí mo mẹ́nu bà lókè náà ti rí ọgbọ́n yìí tipẹ́: bí ẹ bá po omi yìí mọ́ òmíràn, ìwọ̀n tó tọ́ sí omi tí ẹ fi fọ páìpù nìkan ni wọ́n ṣì máa fi mú yín. Ẹ má sì gbàgbé omi tí a fi ń ṣan bọ́ílà lẹ́yìn ásíìdì. Ó lè ju ásíìdì fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, inú táǹkì kan náà ló sì ń lọ. Táǹkì tó kéré ló máa ń sọ èèyàn di ọ̀daràn láàárín òru.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, a máa ń bu omi wò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó kọ ìwọ̀n irin àti agbára ásíìdì sílẹ̀. Irin á máa gòkè, ásíìdì á máa rẹ̀. Bí méjèèjì bá dúró sójú kan lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, èépá ti tán, ẹ dá a dúró. Bí irin bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn tó yẹ kó ti dúró, páìpù yín lẹ ń yọ́ sínú omi yẹn, gáàsì hydrogen tó ń gbiná sì ń jáde níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣáná tàbí jó irin nítòsí.

Kọ́ńdẹ́ńsà ò sábà nílò gbogbo èyí. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí ara rẹ̀ dà bíi kàn-ìnkàn-ìn, tó fẹ̀ díẹ̀ ju ihò páìpù lọ, lè máa bá omi yí po lójoojúmọ́, kó máa nu inú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì náà wà. Bí ẹ bá ní kí n yàn, àwọn yìí ni n ó kọ́kọ́ lò, ásíìdì á kẹ́yìn.

Ní ti omi aláró wa, inú garawa la ti rí ọ̀nà rẹ̀. A bu lítà mẹ́wàá, a rí i dájú pé pH rẹ̀ ṣì ga, nítorí bó bá wálẹ̀, gáàsì olóòórùn ẹyin tó bàjẹ́ á jáde, ó sì ń pa èèyàn. A wá ń ro sodium sulphide sí i díẹ̀díẹ̀. Búlúù ṣí, dúdú dé, ẹrẹ̀ bíi èédú sì sọ̀ kalẹ̀. A pe àjọ tó ń bójú tó àyíká, a fi hàn wọ́n, wọ́n fọwọ́ sí i kí a tó ṣe ti táǹkì. A fún ẹrẹ̀ náà gbẹ, ó lọ sí láàbù kó tó kúrò lọ́gbà. Amóníà tó kù nínú omi náà, tí ẹja kì í fara dà, tún gba ìtọ́jú tirẹ̀.

Ọjọ́ méjì la fi fọ bọ́ílà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣí fáàfù.