Ohun tí SMB jẹ́, àti ìdí tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ fi ń kùnà láti dé orí sẹ́fà tuntun

Bí ènìyàn bá wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Lágéré tàbí ní Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, kò ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́, tí Windows XP tàbí Windows 7 wà lórí rẹ̀, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún dáadáa. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí onílé-iṣẹ́ bá gbé sẹ́fà tuntun wá, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo àwọn yòókù yóò máa kó fáìlì pa mọ́ sí, nítorí pé àwọn tuntun yóò wọlé sórí rẹ̀ láìsí ìnira, ṣùgbọ́n àwọn ti àtijọ́ lè kọ̀ jálẹ̀. Wáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi, wọ́n á sì ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn náà lè má sí lára wáyà rárá.

SMB ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà Windows ń tẹ̀ lé láti béèrè fáìlì lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn: òun ló pinnu bí ẹni tó ń béèrè yóò ṣe sọ orúkọ rẹ̀, bí yóò ṣe fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ hàn, àti bí sẹ́fà yóò ṣe gbé fáìlì náà fún un. SMB1 nìkan ni Windows XP, tó jáde ní ọdún 2001, mọ̀. Windows Vista ló mú SMB2 dé, Windows 7 ti ọdún 2009 ń lo ẹ̀dà 2.1, SMB3 sì bá Windows 8 wọlé ní ọdún 2012. Kọ̀ǹpútà méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀dà kan tí àwọn méjèèjì mọ̀. Bí kò bá sí èyí tó pa wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò kan nínú SMB1 wọlé sórí kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó kí ó tó ṣí i. Láti ìparí ọdún yẹn ni Windows 10 tuntun kò ti fi SMB1 sílẹ̀ ní títàn mọ́, Samba, ètò tí àwọn sẹ́fà Linux (Linux jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) fi ń sọ SMB, sì ṣe bákan náà ní ọdún 2019. Ìdí nìyí tí sẹ́fà tuntun kì í fi í dá XP lóhùn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ àdírẹ́sì IP wò, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí sẹ́fà bá wà ní 192.168.1.10, tí ìbòjú rẹ̀ (subnet mask, tó ń fi apá àdírẹ́sì tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ní hàn) jẹ́ 255.255.255.0, àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1, kí nọ́ńbà tó kẹ́yìn sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Ẹ wá fi ping, àṣẹ tí a fi ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, pe sẹ́fà náà. Bí ó bá dáhùn, wáyà àti àdírẹ́sì dára, SMB ló kù láti wò. Ẹ má gbàgbé aago kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà o: bí bátìrì kékeré CR2032 inú kọ̀ǹpútà bá ti kú, gbogbo ìgbà tí NEPA bá múná lọ ni ọjọ́ rẹ̀ yóò padà sẹ́yìn, sẹ́fà tó ń darí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ látojú kan kì í sì í sábà gba ẹ̀rọ tí aago rẹ̀ fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Windows 7 sábà máa ń wọlé, àyàfi bí sẹ́fà bá fi dandan lé e pé kí wọ́n fi àṣírí bo gbogbo ọ̀rọ̀ (encryption) kí ẹlòmíràn má lè kà á, nítorí pé SMB3 nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Ní ti XP, àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a tún tan SMB1 lórí sẹ́fà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é, torí pé ihò tí ẹ ṣí nítorí kọ̀ǹpútà kan ni yóò di ewu fún fáìlì gbogbo ilé-iṣẹ́, Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe XP dúró láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ẹ fi Linux tó fúyẹ́, tó bá agbára ẹ̀rọ náà mu, rọ́pò rẹ̀, yóò sì bá sẹ́fà sọ SMB3. Bí ó bá jẹ́ pé ètò ìṣirò owó kan tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló so yín mọ́ XP, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lára rẹ̀, kí ẹ máa fi flash kó fáìlì rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ flash náà wò lórí kọ̀ǹpútà tó ní ààbò.