Kíkọ́ Ìtàn Ìpẹ̀yàrun ní Iléèwé Girama

Ìtàn ìpẹ̀yàrun jẹ́ apá kan iṣẹ́ ìtàn ní iléèwé girama, ibẹ̀ ni tíṣà ti máa ń ṣàlàyé báwọn kan ṣe dìídì fẹ́ pa ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan rẹ́. Ti àwọn Júù tí ìjọba Násì pa, tó tó mílíọ̀nù 6, ni wọ́n ń kọ́ jù, lẹ́yìn náà ti Armenia tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1915, Kàǹbódíà, Rùwáńdà àti Srebrenica ní Bosnia. Ti àwọn Herero àti Nama táwọn ọmọ ogun Jámánì pa ní Nàmíbíà láàárín 1904 sí 1908 kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ yọ, bẹ́ẹ̀ òun ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo èyí tá a dárúkọ yìí.

Ìtumọ̀

Raphael Lemkin, lọ́yà tó jẹ́ Júù láti Pólàńdì, ló ṣẹ̀dá orúkọ táwọn òyìnbó ń pe ọ̀ràn yìí, ìyẹn "genocide", nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1944, nígbà tó sì di ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948, UN fọwọ́ sí àdéhùn tó ta kò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé iye òkú ló ń sọ ọ́ di ìpẹ̀yàrun. Rárá o, èrò tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é ni wọ́n ń wò: ṣé wọ́n fẹ́ run àwọn èèyàn yẹn, gbogbo wọn tàbí apá kan, torí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn wọn? Kódà, kí wọ́n fipá kó ọmọ wọn lọ fún àwọn míì wà nínú ohun tí àdéhùn yẹn kà sí i.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ

Ó dà bíi pé ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń wọlé jù ni kí tíṣà gbé ohun kan ṣoṣo síwájú àwọn ọmọ kí wọ́n wò ó dáadáa. Káàdì ìdánimọ̀ Rùwáńdà dáa fún èyí. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ síbì kan lára ẹ̀, Hutu, Tutsi, Twa, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà, àti Naturalisé, ìyẹn àjèjì tó ti di ọmọ ìlú, wọ́n á wá fa ìlà lórí èyí tí kì í ṣe ti onítọ̀hún, á ku ẹyọ kan. Àwọn ọmọ á béèrè pé ta ló ní kí wọ́n máa kọ ọ́, ìdáhùn á sì gbé wọn padà sí àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba amúnisìn Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀yà sínú káàdì, títí ó fi di 1994 tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá rí Tutsi lára káàdì ẹ̀ níbi tí wọ́n dínà sí, pípa ni wọ́n ń pa á. Tí tíṣà bá wá fi ti rédíò RTLM kún un, tó ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, "inyenzi", á yé wọn pé àwọn tó lé ní 800,000 tí wọ́n pa láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu àti bébà ló ṣáájú àdá.

Ohun tó yẹ kí tíṣà ṣọ́ra fún

Mùsíọ́mù ìrántí ìpakúpa àwọn Júù tó wà ní Washington gba àwọn tíṣà nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fi ṣe eré, kí wọ́n má ní kí ọmọ kan ṣe bí apànìyàn kí òmíì ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, torí kò sí bí ọmọ ṣe lè jókòó sí kíláàsì kó mọ bí ìyà yẹn ṣe rí. Fọ́tò òkú náà, tí ò bá pọn dandan, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, tàwọn ọmọ tó ń lọ iléèwé, ti ẹnì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kí wàhálà tó dé, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ káwọn ọmọ mọ ẹni tí wọ́n pàdánù.

Òfin

Ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà sọ ti àwọn Júù di dandan lọ́dún 1990, wọ́n fi àwọn ìpẹ̀yàrun yòókù kún un ní 2005. Ti àwọn Júù ti wà nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù England láti 1991. Ní Rùwáńdà, wọ́n dá kíkọ́ ìtàn dúró láwọn iléèwé lẹ́yìn 1994, torí ìtàn tí wọ́n ń kọ́ tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó pín àwọn èèyàn níyà.